Ọ̀kẹ́ Kan: Nọ́ńbà Tí À Ń Ná Lóṣooṣù Tí A Kì Í Dá Lórúkọ

Nọ́ńbà kan ṣoṣo la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. 20,000 ni. Òun ni iye náírà tí NELFUND, àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń san lóṣooṣù fún ẹni tó bá tọrọ owó ìgbọ́bùkátà. Òun náà ni iye tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá lójúmọ́ lọ́dọ̀ oní-POS, kí ariwo tó sọ tí wọ́n fi tún òfin náà ṣe. Nọ́ńbà tó wà lápò wa ni, ó wà lójú fóònù wa, ó sì wà nínú àdúrà wa nígbà tí oṣù bá ń parí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá pé kí ni Yorùbá ń pè é. Èyí tó pọ̀ jù á ní "tuẹ́ńtì taosàn". Ẹni tó bá gbìyànjú á ní "ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún". Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kì í ṣe irọ́, ó kàn dà bí ọmọ tó ń pe bàbá rẹ̀ ní "ọkọ ìyá mi" ni. Bàbá náà ní orúkọ. Ọ̀kẹ́ ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: ọ̀kẹ́ yẹ kó padà sí ẹnu wa. Àwọn kan máa ń gbèjà ònkà Yorùbá nítorí pé àwọn baba wa ló fi í sílẹ̀ fún wa. Ìyẹn dára, àmọ́ kò tó fún wa. A fẹ́ gbé nọ́ńbà yìí sórí tábìlì kí á tú u palẹ̀ bí àwọn ará ẹ̀ka ìṣirò ṣe máa ń tú nọ́ńbà palẹ̀, kí á wò ó bóyá ó ní ohun tó yẹ kí ènìyàn gbèjà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò, nítorí àpò ńlá ni ọ̀kẹ́ jẹ́. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì jẹ́ owó, tí àwọn oníṣòwò ń kó ìkarahun kékeré yìí wá láti erékùṣù Maldives, tí wọ́n sì tún wá ń kó oríṣi mìíràn wá láti Zanzibar ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló kún àpò. 40 lọ́nà 50 lọ́nà 10: ọ̀kẹ́ kan gééré. Bí ẹyọ kékeré kan bá wọn gíráàmù kan ó lé díẹ̀, àpò náà á wọn tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì òde òní, ó kéré tán ogún kìló ó lé. Ẹrù orí ènìyàn kan nìyẹn. Nítorí náà ọ̀kẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà tí ẹnì kan jókòó ronú kàn lásán. Iye tí ọrùn ènìyàn lè gbé ni.

Ẹni tó bá ń kà á nílẹ̀ kì í ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún márùn-ún ló ń fi ọwọ́ fà á. Fífà mẹ́rin di ogún. Ogún mẹ́wàá di igba, òkìtì kan nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún òkìtì bẹ́ẹ̀ ló di ọ̀kẹ́. Ẹ bá wa ṣírò iye ìgbà tí olùkà owó á na ọwọ́ sílẹ̀ kí ọ̀kẹ́ kan tó pé: 4,000 ìgbà, ẹgbàajì. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ fún CMS ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ lórí ònkà wa sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1887, kíka owó ẹyọ yìí ló sì fi ṣàlàyé ìdí tí ònkà náà fi rí bó ṣe rí.

Ní báyìí, ẹ wo àkàbà tó gbé wa dé ibi ọ̀kẹ́. Ogún. Igba. Ẹgbàá. Ọ̀kẹ́. Ogún lọ́nà mẹ́wàá ni igba. Igba lọ́nà mẹ́wàá ni ẹgbàá. Ẹgbàá lọ́nà mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Láti ìgbà tí a ti wọ ẹ̀ka Yorùbá ni a ti ń gbọ́ pé ogún ni ìpìlẹ̀ ònkà Yorùbá, pé ìdí nìyẹn tí kò fi bá ìṣirò òde òní mu, tí mẹ́wàá jẹ́ ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Òótọ́ ni títí dé ibì kan. Ogójì ni ogún méjì, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta, ọgọ́sàn-án ni ogún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí ogún bá jẹ́ ìpìlẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, 400, tí í ṣe ogún lọ́nà ogún, ló yẹ kó jẹ́ àtẹ̀gùn tó tẹ̀ lé ogún, kí 8,000 tẹ̀ lé e, kí 160,000 sì tẹ̀ lé ìyẹn. Irinwó ní orúkọ tirẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ a kì í fi í kọ́ ilé. Ẹgbẹ̀rin ni igba mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń pè é ní irinwó méjì. 8,000 kò ní orúkọ àdáni rárá, ẹgbàarin là ń pè é, ẹgbàá mẹ́rin. 160,000 ńkọ́? Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá fi wé àwọn Aztec ilẹ̀ Mẹ́síkò. Àwọn yẹn ló ń fi ogún gun àkàbà ní tòótọ́: 20, 400, 8,000. Orúkọ tí wọ́n ń pe 8,000, xiquipilli, àpò ló túmọ̀ sí lédè wọn, àpò èso kòkó tí wọ́n fi ń ra ọjà. Àpò tiwọn rèé, àpò tiwa rèé. Tiwọn jẹ́ ogún lọ́nà ogún lọ́nà ogún. Tiwa jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá. Bí a bá fẹ́ kọ 20,000 sílẹ̀ ní ètò àwọn Aztec, a ó nílò 8,000 méjì àti 400 mẹ́wàá, nọ́ńbà tí kò gún régé ni yóò jẹ́ lójú wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ònkà Yorùbá kì í bá mẹ́wàá ṣe pọ̀ kò tíì gun òkè dé ibi tó yẹ kó dé kó tó sọ̀rọ̀. Ogún ni ẹnu ọ̀nà, mẹ́wàá ni àtẹ̀gùn inú ilé.

Àǹfààní èyí kì í ṣe ti orí ìwé nìkan. Nítorí pé 20,000 jẹ́ méjì tí òdo mẹ́rin tẹ̀ lé, ẹnikẹ́ni lè sọ owó di ọ̀kẹ́ láìlo ẹ̀rọ: yọ òdo mẹ́rin kúrò, kí o sì pín ohun tó kù sí méjì. 340,000 di 34, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún. Owó ọ̀yà tó kéré jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, 30,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ kan àbọ̀. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, 70,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta àbọ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ "ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin náírà" nígbà tí ọkọ̀ tó ń ti Ìyìn lọ sí Adó bá ń bọ́ sínú kòtò, kí ẹ wá sọ "ọ̀kẹ́ mẹ́ta àbọ̀", kí ẹ wo èyí tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín láìgé ahọ́n.

Ó ṣe wá ní kàyéfì pé nígbà tí náírà ṣì níyì, ọ̀kẹ́ tóbi jù fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ta ló ń rí ọ̀kẹ́ kan náírà ní 1973 tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde? Ọ̀wọ́n gógó tó bá wa jà yìí ló sọ ọ́ di ìwọ̀n tó bá ìgbésí ayé wa mu gẹ́lẹ́. Owó ilé, owó ilé ẹ̀kọ́, owó fóònù tó ti lo díẹ̀, gbogbo wọn ló wà láàárín ọ̀kẹ́ kan sí ọ̀kẹ́ ogún. A ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀wọ́n gógó, àmọ́ a ò ní ṣàìsọ ohun tí a rí.

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Bí a bá ń pín 20,000 títí kò fi ní ṣeé pín mọ́, ohun tó máa kù lọ́wọ́ wa kò ju oríṣi méjì lọ: méjì márùn-ún, àti márùn-ún mẹ́rin. 2×2×2×2×2×5×5×5×5. Ìyẹn 32 lọ́nà 625. Kò sí mẹ́ta nínú rẹ̀, kò sí méje, kò sí mọ́kànlá. Láti inú èyí ni a ti lè mọ iye nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù: a lè mú méjì láti òdo dé márùn-ún, ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn, a lè mú márùn-ún láti òdo dé mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn, mẹ́fà lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín ọ̀kẹ́ kan dọ́gba. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí gbogbo wọn, láti orí oókan, èjì, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀jọ, ẹ̀wá, títí dé ẹgbàarùn-ún àti ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá ro gbogbo àwọn tó kéré sí ọ̀kẹ́ nínú wọn pọ̀, 29,203 ni yóò jáde. Àwọn ọmọ wúwo ju bàbá lọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò láti ayé àwọn Gíríìkì ti ń ya irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ọmọ wọn kò tó wọn, àti àwọn díẹ̀ tí ọmọ àti bàbá dọ́gba, bíi 6, 28, 496 àti 8,128.

A kò ní purọ́ fún yín pé òun ló ga jù. 15,120 kéré sí ọ̀kẹ́, ọgọ́rin nọ́ńbà ló sì lè pín in láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ka 15,120 nínú òkìtì owó ẹyọ? Nọ́ńbà tí ọjà nílò gbọ́dọ̀ rọrùn láti dé, kó sì rọrùn láti pín. Ìka ọwọ́ ló fún ọ̀kẹ́ ní ẹ̀wá rẹ̀ àti àrún rẹ̀. Pípín sí ìdajì, àti pípín ìdajì sí ìdajì, ló fún un ní èjì rẹ̀. Ẹgbàarùn-ún ni ìdajì ọ̀kẹ́, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàata ni ìdajì ìyẹn, 2,500 ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 1,250, lẹ́yìn náà 625. Ìgbà márùn-ún lẹ lè pín in sí méjì kí ẹyọ kan tó fọ́.

Ibi tí ọ̀kẹ́ ti ń dójú ti ènìyàn ni mẹ́ta. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Ìyìn mọ èyí dáadáa. Bí a bá pín ọ̀kẹ́ kan sí mẹ́ta, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba 6,666, náírà méjì á ṣẹ́kù, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ni iyọ̀ tó wà nínú ike. Bákan náà ni ẹni tó bá fẹ́ fi í ná ọgbọ̀n ọjọ́: 666 náírà lójúmọ́, ogún náírà á sì ṣẹ́kù. A ò mọ ẹni tí ń fi ìyẹn jẹun.

Méje náà kò wọ inú rẹ̀. 7 lọ́nà 2,857 jẹ́ 19,999, ẹyọ kan ṣoṣo ló fi ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí à ń lò lónìí kò bá ọ̀kẹ́ rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀sẹ̀ tiwa wò ó. Ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ọjà ọrún, tí à ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń yí po. Ìsán ń yí po ní ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ìtàdógún ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún: gbogbo wọn ló pín ọ̀kẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá jẹ ọ̀kẹ́ kan ẹyọ, tó ń san án ní gbogbo ìtàdógún, lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, á máa san 1,250 láìsí ẹyọ tó fọ́. A ò sọ pé ẹnikẹ́ni jókòó gbèrò bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé àpò wọn àti kàlẹ́ńdà wọn kì í bára wọn jà, tiwa sì ń bára wọn jà lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí á gbé e lọ sí oko díẹ̀, nítorí Èkìtì la wà. Igba igba ni àgbẹ̀ ń ka ebè. Ọgọ́rùn-ún igba ebè jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ká ní àgbẹ̀ kan ní ọ̀kẹ́ kan ebè, tó fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sí oko kan ṣoṣo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kò ní ṣeé ṣe. 141 lọ́nà 141 jẹ́ 19,881, kò tó. 142 lọ́nà 142 jẹ́ 20,164, ó ti kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà láti dá oko méjì tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn dọ́gba, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè dá méjèèjì ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ó lè dá ọ̀kan ní 20 lọ́nà 20, kí ìkejì jẹ́ 140 lọ́nà 140. Ó sì lè dá ọ̀kan ní 68 lọ́nà 68, kí ìkejì jẹ́ 124 lọ́nà 124: 4,624 àti 15,376. Kò sí ọ̀nà kẹrin. Àwọn márùn-ún mẹ́rin tó wà nínú ọ̀kẹ́ ló bí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, nítorí pé márùn-ún fúnra rẹ̀ jẹ́ oókan lọ́nà oókan, kí a fi èjì lọ́nà èjì kún un. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò, kó lọ bi í léèrè, á gbádùn àlàyé náà.

Ìwà mìíràn tún wà tí nọ́ńbà yìí ní, tí èdè ló fún un. Àwọn ilé ìtajà mọ ọgbọ́n kan: wọ́n á kọ 19,999 sára bàtà kí o lè rò pé kò tíì tó 20,000. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n náà ń ṣiṣẹ́, nítorí "nineteen" ni etí máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá àtàtà: ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹyọ kan. Àṣírí ti tú. Ọ̀kẹ́ ni etí kọ́kọ́ gbọ́, ẹyọ kan tí wọ́n yọ sì di ẹ̀rín. Àyọkúrò tí wọ́n ní ó ń da àwọn ọmọdé láàmú nínú ònkà wa, òun gan-an ló ń sọ fún ẹni tó ń rajà ibi tí owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, 1996. Àwọn akéde á ní "ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún". Ẹ fi wé ẹgbàá ó dín mẹ́rin. Èwo ló rọrùn? Èwo ló sọ fún wa pé ọdún mẹ́rin péré ló kù kí ẹgbàá pé?

Tí ó bá wá di iye ńlá, ọ̀pọ̀ wa ti ń lo ọ̀kẹ́ láìmọ̀. "Àádọ́ta ọ̀kẹ́" tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn fún mílíọ̀nù kan, 50 lọ́nà 20,000 ni. "Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn" tí oníwàásù ń sọ, àwọn àpò tí a kò lè kà tán ni. Àwọn tó ń ka Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún láìwo ìwé ní ìsọjí ń pe ẹgbàarùn-ún lálaalẹ́, kí á bi wọ́n pé mélòó ni, wọ́n á wojú ara wọn. Ìdajì ọ̀kẹ́ ni. Kódà bílíọ̀nù tí àwọn olóṣèlú ń pariwo rẹ̀ kò ju ọ̀kẹ́ lọ: ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́ jẹ́ 400 mílíọ̀nù, nítorí náà bílíọ̀nù kan jẹ́ irú rẹ̀ méjì àbọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́, àmọ́ ó ṣeé kà.

Kí ló wá dé tí a fi ń pariwo lórí èyí nísinsìnyí? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí kan ìṣirò, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún méjìléláàádọ́ta, ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí á máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Lára ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó fara mọ́ ìfagilé náà ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìṣirò. Àwa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ni ẹni tó yẹ kó dáhùn. Báwo la ṣe fẹ́ dáhùn, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa mọ ònkà dé igba, tí a há a sórí fún ìdánwò, tí a sì gbàgbé rẹ̀ kí a tó dé ibùdókọ̀? Helen Verran, ará Ọsirélíà tó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, rí ohun tó tó kọ odindi ìwé nínú ònkà wa, ìwé tó jáde ní 2001. Àlejò ló rí i, àwa onílé ń wá ẹ̀rọ ìṣirò lórí fóònù.

A tún ní ọ̀rọ̀ fún ìhà kejì. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n fẹ́ kí á máa ka gbogbo nǹkan ní ònkà ìbílẹ̀, títí dé nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àwa kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe iye ohunkóhun, ẹ pè é ní oókan oókan kí ó tán. Ìṣirò orí ìwé náà, pẹ̀lú òdo àti ipò nọ́ńbà, iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀, àwọn onímọ̀ tó ti dábàá ònkà Yorùbá tuntun tó dá lé mẹ́wàá kò sì jẹ̀bi lójú wa. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí á ju ọ̀kẹ́ nù mọ́ ọn. A ti fi hàn pé òun àti mẹ́wàá kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní 20,000 lè kọ ọ́ sójú pátákó ní nọ́ńbà, kó pè é ní ọ̀kẹ́, kó sì fi àkàbà onípele mẹ́rin yẹn hàn án láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á yé e. Ìyá kan tó ń ta iṣu ní Ìyìn gbọ́ tí ọ̀kan nínú wa sọ "ọ̀kẹ́ méjì àbọ̀", kò béèrè ìtumọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ọ?" Ó sì dín owó fún un, ẹgbẹ̀rún kan gbáko, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú ogún ọ̀kẹ́ kan, kí ẹ má rò pé a gbàgbé.

Ní tiwa, a ti pinnu ohun tí a máa ṣe. Bẹ̀rẹ̀ láti oṣù tó ń bọ̀, gbogbo iye owó tó bá tó ọ̀kẹ́ kan tí a bá kọ síbí, a ó kọ ọ́ ní nọ́ńbà, a ó sì kọ ọ́ ní ọ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ètò àpérò ẹgbẹ́ wa ti gbà pé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ á jáde bẹ́ẹ̀ náà. A sì ń bẹ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti di olùkọ́ káàkiri Èkìtì, láti Ìgèdè dé Ìkẹ́rẹ́, pé kí ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àti bàbá yín bí wọ́n ṣe ń ka ebè, iṣu, obì àti owó ní ẹ̀ka èdè tiyín kọjá igba, kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é gan-an láìtún un ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wa. Èyí tó bá yàtọ̀ sí tinú ìwé la fẹ́ jù.